Orí Keje: Ooru Inú Sàláńsà

Ẹni tó bá fi ọwọ́ kan sàláńsà jẹnẹrétọ̀ tó ti ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Páìpù náà gbóná débi pé omi tó bá ta sí i lára á hó, á sì gbẹ lójú ẹsẹ̀. Owó epo ló ń jó níbẹ̀. Ní Orí Kẹfà, a rí bí ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ṣe ń sọ epo di agbára tó ń yí ọ̀pá. Ní orí yìí, a fẹ́ tọpa ìpín tí kò dé ọ̀dọ̀ ọ̀pá rárá: ọ̀nà tó ń gbà jáde, iye tó jẹ́, bí a ṣe lè fi se omi ìwẹ̀, àti bí a ṣe lè fi ṣe ohun tó máa ń ya ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu, ìyẹn ni kí a fi ooru sọ omi di yìnyín.

Ibi tí epo ń gbà lọ

Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ní agbára tó tó kìlówáàtì-wákàtí 10. Nínú ẹ̀ńjìnnì jẹnẹrétọ̀ tó gbé ẹrù tó tọ́ sí i, nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 agbára yìí ló ń di iná mànàmáná. Ìdá 30 ń bá èéfín jáde. Ìdá 25 ń wọ inú omi tó ń yí ara ẹ̀ńjìnnì ká, fáànù rédíétọ̀ á sì fẹ́ ẹ dà sínú afẹ́fẹ́. Ìdá 10 tó kù ń gba ara irin àti ọ́ìlì ẹ̀ńjìnnì lọ. Àwọn òǹkà yìí ń yàtọ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀ńjìnnì kan sí èkejì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi wọ́n ṣe ìṣirò àkọ́kọ́ kò ní í jìnnà sí òótọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ á béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú ṣe ẹ̀ńjìnnì tí kò ní í fi ooru ṣòfò. Sadi Carnot, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ti dáhùn ìbéèrè yìí ní ọdún 1824: ẹ̀rọ tó bá ń fi ooru ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ gba ooru níbi tó gbóná, kí ó sì da díẹ̀ nínú rẹ̀ síbi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí kò bá rí ibi dà á sí, kò ní í ṣiṣẹ́. Àwọn ẹ̀ńjìnnì ńláńlá inú ọkọ̀ òkun, tí wọ́n wà lára àwọn tó mọ epo ṣún lò jù lọ, ń sọ nǹkan bí ìdajì epo wọn di iṣẹ́. Ìdajì yòókù ń bá ooru lọ. Kò sí mẹkáníìkì tó lè tún ẹ̀ńjìnnì ṣe títí tí sàláńsà rẹ̀ á fi tutù. Ohun tó kù láti ṣe ni kí á wá iṣẹ́ fún ooru náà lẹ́yìn tó bá ti jáde.

Kí a tó wá iṣẹ́ fún un, a ní láti ya iye ooru sọ́tọ̀ kúrò lára ìwọ̀n ìgbóná. Garawa omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ní ooru nínú ju ṣíbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú iná lọ fíìfíì, síbẹ̀ ṣíbí ló lè bó ènìyàn lọ́wọ́. Ooru máa ń ṣàn láti ibi tó gbóná sí ibi tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ooru tó wà ní 85°C kò lè sọ ohunkóhun di 120°C, bó ti wù kó pọ̀ tó. Èéfín ẹ̀ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì tó gbé ẹrù kún máa ń jáde ní nǹkan bí 400°C sí 500°C. Omi rédíétọ̀ kì í sábà ju 80°C sí 90°C lọ. Iye ooru inú àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n lè ṣe jìnnà síra púpọ̀, orí ìyàtọ̀ yìí sì ni gbogbo ètò tí a fẹ́ ṣe dúró lé.

Ìṣirò òtẹ́ẹ̀lì kan

Ẹ fi ojú inú wo òtẹ́ẹ̀lì oníyàrá 40 kan ní Ìbàdàn, tó ní jẹnẹrétọ̀ 100 kVA ní ẹ̀yìnkùlé. Jẹnẹrétọ̀ náà ń gbé kìlówáàtì 60, ó sì ń mu lítà dísẹ́ẹ̀lì 17 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Agbára tó ń wọlé nínú epo jẹ́ 17 × 10, ìyẹn kìlówáàtì 170. Kìlówáàtì 60 nínú rẹ̀ ń di iná. Ìdá 30 nínú 100, ìyẹn nǹkan bíi kìlówáàtì 51, wà nínú èéfín. Nǹkan bíi kìlówáàtì 42 wà nínú omi rédíétọ̀. Ẹ kíyè sí i pé tí a bá da àwọn méjèèjì pọ̀, wọ́n ju iná tí onílé ń sanwó epo fún lọ.

A kò lè gba gbogbo kìlówáàtì 51 inú èéfín. Ká ní èéfín ń jáde ní 450°C, tí afẹ́fẹ́ àyíká sì wà ní 30°C. Nítorí ìdí tí a ó sọ níwájú, a kò fẹ́ kí èéfín tutù ju 160°C lọ kí ó tó bọ́ síta. Ìpín tí a lè gbà nìyí:

(450 − 160) ÷ (450 − 30) = 290 ÷ 420 = 0.69

0.69 × 51 = kìlówáàtì 35

Kìlówáàtì 35 yìí la ó máa lò nínú gbogbo àpẹẹrẹ orí yìí.

Omi gbígbóná

Iṣẹ́ tó rọrùn jù fún ooru èéfín ni omi. A ó gé sàláńsà, a ó fi àgbá irin kan sí àárín rẹ̀ tó ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ nínú. Èéfín ń gba inú páìpù, omi ń yí wọn ká, àwọn méjèèjì kò sì kan ara wọn. Apààrọ̀-ooru la ó máa pe àgbá yìí. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré kan á máa gbé omi lọ, á máa gbé e bọ̀, láàárín apààrọ̀-ooru àti táǹkì tí a fi fóòmù tó nípọn bò.

Omi inú táǹkì òkè ilé ní apá ọ̀dọ̀ wa sábà máa ń wà ní nǹkan bí 27°C. Ká ní a fẹ́ kí ó dé 60°C. Lítà omi kan ń gba kìlójúùlù 4.2 kí ó tó gbóná sí i ní 1°C, nítorí náà lítà kọ̀ọ̀kan á gba 33 × 4.2, ìyẹn kìlójúùlù 139. Kìlówáàtì 35 ń mú kìlójúùlù 126,000 wá ní wákàtí kan. Tí a bá pín in, a ó rí lítà 900. Ẹ yọ ìdá 20 nínú 100 kúrò fún ooru tó ń sá lọ lára páìpù àti táǹkì, nǹkan bíi lítà 700 ló kù. Bí àlejò kan nínú yàrá kọ̀ọ̀kan bá ń lo lítà 50 lójúmọ́, lítà 2,000 ni gbogbo òtẹ́ẹ̀lì nílò. Láàárín wákàtí mẹ́ta, sàláńsà ti se omi ìwẹ̀ gbogbo wọn.

Ìwọ̀n 60°C tí a mú kì í ṣe òǹkà tí a kàn fà yọ. Bákítéríà Legionella, tó ń fa irú òtútù àyà kan tó lè pa ènìyàn, máa ń bí sí i nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, pàápàá láàárín 25°C sí 45°C, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ láyé nínú omi 60°C. Táǹkì tí ooru rẹ̀ kò ká ojú ìwọ̀n léwu ju táǹkì omi tútù lọ. Ibi tí omi bá ti ń jáde fún àlejò, kí wọ́n fi fáàfù tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù síbẹ̀, nítorí omi 60°C lè bó ọmọdé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀.

Bí ooru ṣe ń di òtútù

Omi inú àmù máa ń tutù ju omi inú garawa ike lọ, bí wọ́n tilẹ̀ wà lójú kan náà. Ara àmù ń làágùn. Omi tó yọ síta ń gbẹ dà sínú afẹ́fẹ́, kí ó sì tó lè gbẹ, ó gbọ́dọ̀ rí ooru gbà. Lára omi tó kù nínú àmù ló ti ń gbà á. Fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀rọ amóhuntutù tí wọ́n ń lò káàkiri ilé àti ọjà ló ń lo ọgbọ́n yìí: kí ohun olómi kan di gáàsì, kí ó sì fa ooru lára ohun tó yí i ká bó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni bí a ṣe máa dá gáàsì náà padà di olómi kí a lè tún un lò. Fìríìjì ilé ń fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fún gáàsì náà pọ̀ títí tí ìfúnpá rẹ̀ á fi ga, lẹ́yìn náà á tú ooru rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn fìríìjì, á sì di olómi. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ yìí ló ń jẹ iná. Ọ̀nà kejì ni pé kí a wá ohun olómi mìíràn tí á mu gáàsì náà, kí a wá fi ooru lé e jáde lẹ́yìn náà. Ẹ̀rọ afàmu ni a ó máa pe irú èyí.

Amóníà àti omi ni tọkọtaya àtijọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Amóníà máa ń hó ní −33°C bí ìfúnpá rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti afẹ́fẹ́, omi sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀: ife omi tútù kan lè mu gáàsì amóníà tó ju ìlọ́po 500 ìtóbi rẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí á tẹ̀lé e yípo. Nínú àgbá àkọ́kọ́, àgbá ìsè, èéfín ẹ̀ńjìnnì ń mú omi tí amóníà wà nínú rẹ̀ gbóná. Amóníà á sá jáde bíi gáàsì tó gbóná tí ìfúnpá rẹ̀ sì ga. Ó á lọ sínú àgbá kejì tí omi tútù tàbí afẹ́fẹ́ ń yí ká, níbẹ̀ ni yóò ti di olómi. Olómi yìí á gba ihò tóóró kan kọjá, ìfúnpá rẹ̀ á já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hó nínú páìpù tó wà nínú yàrá òtútù. Ara ẹja tí a fẹ́ mú dì tàbí omi tí a fẹ́ sọ di yìnyín ló ti ń gba ooru tó fi ń hó. Lẹ́yìn náà, gáàsì tó jáde á wọ àgbá ìfàmu, níbi tí omi tí amóníà rẹ̀ ti dín kù ti ń dúró dè é, á mu ún. Pọ́ọ̀ǹpù kékeré á wá ti àdàlù náà padà sínú àgbá ìsè.

Ẹ wo ibi tí pọ́ọ̀ǹpù yìí wà. Olómi ló ń tì, kì í ṣe gáàsì. Títi olómi kò gba agbára púpọ̀ rárá, nítorí pé kì í fún pọ̀. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ afàmu fi lè ṣiṣẹ́ ńlá pẹ̀lú iná kékeré: ooru ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.

Ferdinand Carré ló gba ìwé-àṣẹ lórí ẹ̀rọ yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1859. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1861, yìnyín tí wọ́n ń gé láti inú adágún ní ìhà àríwá kò lè dé ìhà gúúsù mọ́, ẹ̀rọ Carré sì wà lára ohun tí àwọn ará gúúsù fi dípò rẹ̀. Ní 1922, akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Stockholm, Baltzar von Platen àti Carl Munters, yọ pọ́ọ̀ǹpù náà pàápàá kúrò. Wọ́n fi gáàsì háídírójìn kún un kí ìfúnpá lè dọ́gba yípo, wọ́n sì jẹ́ kí ooru fúnra rẹ̀ máa gbé olómi gòkè bí omi ṣe ń hó gòkè nínú ìkòkò. Electrolux ra iṣẹ́ wọn ní 1925. Òun ni baba fìríìjì oníkẹrosíìnì tí àwọn àgbàlagbà kan ṣì rántí, èyí tí àtùpà kékeré kan ń jó lábẹ́ rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ìgbèríko sì fi tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fìríìjì náà kò pariwo, kò ní ohun tó ń yí nínú. Àbùkù rẹ̀ kan ni pé bí ó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kò ní í mú nǹkan tutù dáadáa.

Tọkọtaya kejì ni omi àti iyọ̀ tí wọ́n ń pè ní lithium bromide. Níbí, omi gan-an ló ń hó, iyọ̀ ló ń mu ún. Omi lè hó ní 5°C bí a bá fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá títí tí ìfúnpá inú rẹ̀ á fi kéré sí ìdá kan nínú 100 ti afẹ́fẹ́ ìta. Ẹ̀rọ oníyọ̀ kò lè ṣe yìnyín, nítorí omi tirẹ̀ fúnra rẹ̀ á dì. Ẹ̀rọ amúlétutù fún ilé ńlá ni wọ́n ń fi ṣe. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ooru 80°C sí 95°C tó o, kódà omi rédíétọ̀ lè gbé e. Ẹ̀rọ amóníà tó fẹ́ ṣe yìnyín sábà máa ń fẹ́ ooru tó ju 100°C lọ dáadáa, ó sì lè béèrè ju 120°C.

Èwo ló lérè jù?

Ìwọ̀n èrè ẹ̀rọ òtútù ni iye ooru tó lè fà jáde kúrò lára ohun tó ń mú tutù, tí a bá fi iye agbára tí a fún un pín in. Ẹ̀rọ amóníà sábà máa ń wà ní 0.5 tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ oníyọ̀ tó ní àgbá ìsè kan ṣoṣo wà ní nǹkan bí 0.7. Fìríìjì oníkọ̀ǹpírẹ́sọ̀ tó ń mú ẹja dì lè dé 2.5. Ẹ má tìtorí èyí fojú tẹ́ḿbẹ́lú ẹ̀rọ afàmu. Iná tí a fi owó rà ni kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ ń jẹ, ooru tí a ti fẹ́ dà nù ni afàmu ń jẹ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò náà dópin, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà. Kìlówáàtì 35 láti inú èéfín, nínú ẹ̀rọ amóníà tí ìwọ̀n èrè rẹ̀ jẹ́ 0.5, á fún wa ní kìlówáàtì 17.5 òtútù. Láti sọ omi 27°C di yìnyín 0°C, kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ pàdánù kìlójúùlù 113 kí ó tó tutù dé 0°C, kí ó tún pàdánù 334 kí ó tó dì, àpapọ̀ 447. Lórí ìwé, èyí jẹ́ kìlógíráàmù yìnyín 140 ní wákàtí kan. Nínú ooru ọ̀sán wa, pẹ̀lú ohun tó ń jò àti ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí, ẹni tó bá rí 100 ti gbìyànjú.

Èló ni èyí fi pamọ́ nínú epo? Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á jẹ kìlówáàtì iná 7 kí ó tó ṣe òtútù 17.5 yẹn (17.5 ÷ 2.5). Jẹnẹrétọ̀ wa ń jó lítà 17 fún kìlówáàtì 60, nítorí náà kìlówáàtì 7 jẹ́ nǹkan bíi lítà 2 ní wákàtí kan.

Ẹ wá fi wé omi. Bí òtẹ́ẹ̀lì náà bá ń fi iná jẹnẹrétọ̀ se omi, kìlówáàtì 35 ooru nílò kìlówáàtì 35 iná. Èyí jẹ́ nǹkan bíi lítà 10 ní wákàtí kan. Ooru kan náà, láti inú sàláńsà kan náà: lítà 10 bó bá se omi, lítà 2 bó bá ṣe òtútù. Àgbá tí wẹ́dà tó mọ iṣẹ́ lè ṣe ní ọjọ́ díẹ̀ ń fi epo pamọ́ ní ìlọ́po márùn-ún ju ẹ̀rọ olówó gọbọi tí amóníà wà nínú rẹ̀.

Ṣé ó wá túmọ̀ sí pé kí a fi òtútù sílẹ̀? Kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé omi ní ibi tó ń parí sí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta, táǹkì òtẹ́ẹ̀lì ti kún, lítà kan sí i kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ní ilé ìtọ́jú ẹja dídì, ta ni fẹ́ fi lítà 700 omi gbígbóná wẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan? Òtútù ní tirẹ̀ kì í tán lọ́jà ilẹ̀ olóoru. Àmọ́ ìdáhùn tó dára jù wà nínú ohun tí a sọ nípa ìwọ̀n ìgbóná. Omi ìwẹ̀ ń fẹ́ 60°C péré. Omi rédíétọ̀ wà ní 85°C, ó sì ní kìlówáàtì 42 tí fáànù ń fẹ́ dà nù. Kí rédíétọ̀ se omi, kí sàláńsà ṣe yìnyín. Ẹni tó bá fi èéfín 450°C se omi ìwẹ̀ nígbà tí rédíétọ̀ wà nílẹ̀ ti fi ooru tó lè ṣe iṣẹ́ tó le ṣe iṣẹ́ tí ooru tó rẹlẹ̀ jù ú lọ lè ṣe.

Mo gbà pé ó yẹ kí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ fi omi bẹ̀rẹ̀, láti ara rédíétọ̀, kó sì rí i pé ó ṣiṣẹ́ fún ọdún kan kó tó ronú kan amóníà.

Ohun kan tún wà tí àwọn olùta ẹ̀rọ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀rọ afàmu gbọ́dọ̀ da ooru tirẹ̀ náà síbì kan. Kìlówáàtì 35 wọlé láti inú èéfín, 17.5 wọlé láti ara omi tó ń di yìnyín, 52.5 ló gbọ́dọ̀ jáde, ní nǹkan bí 35°C sí 40°C. Fún èyí, a nílò omi ìtútù tàbí fáànù ńlá, ní ìlú tí afẹ́fẹ́ ọ̀sán ti ń gbóná tó 33°C. Bí omi bá wọ́n ní àdúgbò, kí a ti fi iye rẹ̀ kún ìnáwó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹrù jẹnẹrétọ̀ àti àkókò

Kìlówáàtì 35 tí a ń sọ kò dúró lójú kan. Bí ẹrù bá fúyẹ́, èéfín máa ń dín kù, á sì tutù sí i. Ní ìdá kan nínú mẹ́rin ẹrù, ó lè máà ju 250°C lọ. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ìlú wa ni wọ́n rà tóbi ju ohun tí wọ́n ń gbé lọ, nítorí pé wọ́n ń fojú sọ́nà fún ọjọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ amúlétutù á jọ tàn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi ẹrù kún ṣe ìṣirò, tó wá ń gbé ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, á ra ẹ̀rọ tí kò ní í rí oúnjẹ jẹ. Kí a kọ ẹrù jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó ra ohunkóhun.

Àwọn tó ń pín iná ìlú náà ń bẹ. Nígbà tí wọ́n bá mú iná dé, jẹnẹrétọ̀ á dákẹ́, ooru á sì dáwọ́ dúró. Táǹkì tí a fi fóòmù bò dáadáa lè tọ́jú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì. Fún òtútù, yìnyín fúnra rẹ̀ ni àká: kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan tó ń yọ́ ń gba kìlójúùlù 334 kúrò nínú yàrá, kò sì bìkítà bóyá iná wà tàbí kò sí.

Ìdí kan náà, pé ooru èéfín kì í dúró lójú kan, ló mú kí ìgbìyànjú láti fi èéfín mọ́tò ṣe ẹ̀rọ amúlétutù inú mọ́tò máà tíì gbalẹ̀. Lójú ọ̀nà márosẹ̀, ooru pọ̀ yanturu. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, níbi tí ooru ti ń mú èrò jù, ẹ̀ńjìnnì ń fi jẹ́jẹ́ yí, èéfín rẹ̀ kò sì tó gbé iṣẹ́. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-pass-my-neighbour náà, kò yẹ kí á fi owó ṣòfò lé e lórí: ooru inú èéfín rẹ̀ kò ju kìlówáàtì kan tàbí méjì lọ.

Ibi tí wọ́n ti ń lò ó lójoojúmọ́

Ọkọ̀ òkun ńlá tó gúnlẹ̀ sí Àpápá sábà máa ń ní bọ́ílà kan nínú ọ̀nà èéfín rẹ̀ lókè. Epo tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń jó ki bí ọ̀dà. Wọ́n gbọ́dọ̀ mú un gbóná kó tó lè ṣàn nínú páìpù. Lójú agbami, ooru èéfín ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ń se omi àwọn atukọ̀ pẹ̀lú. Omi tó ń mú ẹ̀ńjìnnì tutù ní tirẹ̀ ń sọ omi òkun di omi mímu: wọ́n á fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú àgbá kan títí omi òkun á fi máa hó ní nǹkan bí 40°C sí 50°C, wọ́n á sì gba oru rẹ̀ kí ó di omi tí kò níyọ̀. Ooru gíga fún iṣẹ́ tó le, ooru rírẹlẹ̀ fún èyí tó rọrùn. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ orí omi ti ń pín in bẹ́ẹ̀.

Lórí ilẹ̀, ẹ̀ńjìnnì tó ń lo gáàsì ló bá iṣẹ́ yìí mu jù. Páìpù gáàsì ti dé àwọn àgbègbè ilé-iṣẹ́ bí Ìkẹjà, Ọ̀tà àti Àgbárá, ẹ̀ńjìnnì ibẹ̀ sì lè máa yí lọ́sàn-án lóru pẹ̀lú ẹrù tó dúró dáadáa. Gáàsì kò fi bẹ́ẹ̀ ní imí-ọjọ́ nínú, nítorí náà a lè mú èéfín rẹ̀ tutù ju ti dísẹ́ẹ̀lì lọ, kí a sì gba ooru púpọ̀ sí i.

Ewu

A ti mú 160°C gẹ́gẹ́ bí òpin fún èéfín dísẹ́ẹ̀lì. Imí-ọjọ́ inú epo ló fà á. Bó bá jó, tó sì pàdé oru omi inú èéfín, ó ń di ásíìdì. Bí ara irin bá tutù ju nǹkan bí 120°C sí 150°C lọ, gẹ́gẹ́ bí imí-ọjọ́ inú epo bá ṣe pọ̀ tó, ásíìdì náà á sẹ̀ sí i lára bí ìrì, á sì jẹ ẹ́ tán láàárín oṣù díẹ̀.

Apààrọ̀-ooru tún ń dí èéfín lọ́nà. Ìwé ẹ̀ńjìnnì kọ̀ọ̀kan ló ń sọ ìfúnpá tó lè gbà lẹ́nu sàláńsà, kì í sì í sábà ju kìlópáskà 10 lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀, ẹ̀ńjìnnì á máa jẹ epo sí i, agbára rẹ̀ á dín kù, fáàfù rẹ̀ á sì máa jó. Dúdú èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ páìpù á mú kí ọ̀rọ̀ náà burú sí i lóṣooṣù, nítorí náà kí àgbá náà ní ilẹ̀kùn tí a lè ṣí fọ̀ ọ́. Dúdú yìí lè gbiná fúnra rẹ̀. Lórí ọkọ̀ òkun, iná bẹ́ẹ̀ ti yọ́ páìpù bọ́ílà rí; ọ̀kan lára ohun tó sì lè fà á ni kí wọ́n pa pọ́ọ̀ǹpù omi ní kété tí ẹ̀ńjìnnì bá kú. Kí pọ́ọ̀ǹpù máa yí títí àgbá á fi tutù.

Bí páìpù inú apààrọ̀-ooru bá lu, omi lè ṣàn padà sínú ẹ̀ńjìnnì tó ti kú. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún ta á, ọ̀pá inú rẹ̀ á tẹ̀. Kí á gbé àgbá sí ìsàlẹ̀ ẹnu ibi tí èéfín ti ń jáde, kí ó sì ní ihò tí omi lè gbà sẹ̀ síta. Ojú ìsopọ̀ sàláńsà tó bá ń jò léwu jù ní tirẹ̀: carbon monoxide inú rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn lójú oorun. Apààrọ̀-ooru kò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé tí ènìyàn ń sùn.

Ní ti amóníà, òórùn rẹ̀ máa ń ta ènìyàn nímú kí ó tó pọ̀ débi tó lè pani, oore kan ṣoṣo tó ṣe wá nìyẹn. Ó ń jẹ bàbà àti idẹ. Ẹni tó ń tún fìríìjì ṣe, tó mọ páìpù bàbà jó bí ẹni mọ owó, gbọ́dọ̀ fi irin dípò rẹ̀ níbí.

Ìbéèrè

1. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn kan ń jó lítà dísẹ́ẹ̀lì 30 ní wákàtí kan pẹ̀lú ẹrù kìlówáàtì 105. Fi àwọn ìdá inú orí yìí ṣírò ooru tó wà nínú èéfín rẹ̀ àti nínú omi rédíétọ̀ rẹ̀.

2. Bí èéfín inú ìbéèrè kìn-ín-ní bá ń jáde ní 420°C, tí afẹ́fẹ́ àyíká wà ní 30°C bíi ti àpẹẹrẹ wa, tí a kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí èéfín tutù ju 160°C lọ, kìlówáàtì mélòó ni a lè gbà? Lítà omi mélòó ni yóò gbé láti 27°C dé 60°C ní wákàtí kan, bí ìdá 20 nínú 100 bá ṣòfò?

3. Kí ló dé tí ẹ̀rọ lithium bromide kò fi lè ṣe yìnyín, tí ti amóníà sì lè ṣe é?

4. Onílé kan fẹ́ fi omi rédíétọ̀ 85°C gbé ẹ̀rọ amóníà tó nílò 120°C. Ó ní ooru rédíétọ̀ òun pọ̀ ju ti sàláńsà lọ. Ṣàlàyé fún un ibi tí ó ti ṣìnà.

5. Òtẹ́ẹ̀lì inú àpẹẹrẹ wa ń fi gáàsì ìdáná se omi, kì í ṣe iná jẹnẹrétọ̀. Béèrè iye tí wọ́n ń ta kìlógíráàmù gáàsì àti lítà dísẹ́ẹ̀lì ní àdúgbò rẹ, kí o sì tún ìṣirò lítà 10 sí lítà 2 ṣe. Kìlógíráàmù gáàsì ìdáná kan ní nǹkan bíi kìlówáàtì-wákàtí 12.8 nínú, gbà pé ìdá 80 nínú 100 rẹ̀ ló ń wọ inú omi.